Èèpo Iṣu Kì í Purọ́

Ọmọ-ọmọ mi kan tó ń múra àtiwọ yunifásítì bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ fi ayé yín ṣe?" Mo ní, "Mo fi wo inú ìkòkò onílé." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀yin èwe òde òní rò pé kò sí iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn dókítà, lọ́yà àti àwọn tí ń tẹ fóònù, ni mo bá ní kí n jókòó kí n kọ tèmi sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Iṣẹ́ tí mo ṣe níyì. Mo sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ ráhùn.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìkòyí ní Ìjùmú ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn, nígbà tí obìnrin tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn kò pọ̀. Òmìnira kò tí ì dé nígbà náà, àwa ará Okun ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá bí ọmọ tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn tọ́. Àwọn onígbàgbọ́ kan àti àwọn òyìnbó kan dá ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀ ní Kàbà. Iṣẹ́ méjì ni ọ́fíìsì náà ń ṣe. Ó ń wádìí ohun tí ń mú ìdílé kan tòṣì tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò sì tòṣì, ó sì ń ran èyí tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́: mílíìkì fún ọmọ, irúgbìn ẹ̀pà fún oko, òwú fún obìnrin tó ń hun aṣọ. Àwa olùwádìí ni a ń wọ ilé, tí a ń wọn oúnjẹ, tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló ń ka ìwé wa, tí wọ́n sì ń pinnu ẹni tí yóò gbà. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀gá mi ni Màmá Tàbítà, ará Mọpà, nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó fi iṣu kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Síkéèlì oníkọ̀ọ́ ni ti ìgbà náà; ẹ ó so nǹkan kọ́ ọ, ẹ ó sì dúró títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní í mì mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún mo fi ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Màmá, iṣu yìí kò tíì bí ọmọ o."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mú ìwé rẹ wá." Ó so iṣu náà kọ́ fúnra rẹ̀. Iṣu ti ń gbẹ, ó ti fúyẹ́ ju bí ó ti wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní lọ. Iye kan náà sì ni mo kọ fún ọjọ́ márààrún, nítorí pé láti ọjọ́ kejì n kò wo ojú síkéèlì mọ́. Ojú tì mí. Ó fún mi ní iṣu mìíràn, mo sì tún fi ọ̀sẹ̀ kan wọn ìyẹn.

Òfin rẹ̀ pọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà má bi obìnrin pé mélòó lo bí. Bi í pé ta ni ó ń jẹ nínú ìkòkò yìí. Bí wọ́n bá jókòó sórí ẹní, jókòó sórí ẹní. Bí wọ́n bá fún ọ lóúnjẹ, tọ́ ọ wò, má jẹ ẹ́ tán. Má fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀. Bó o bá sì wọn iṣu tán, dúró kí wọ́n bó o, kí o wọn èèpo náà, kí a lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó wọ ikùn wọn. Èyí tó sì máa ń pariwo sí mi létí jù ni: "Ohun tí o bá rí ni kí o kọ."

Mo fi ojú ara mi rí bí òfin yẹn ṣe le tó. Lọ́jọ́ kan mo ti Aiyetoro-Gbede dé, ó ti rẹ̀ mí, kẹ̀kẹ́ mi ti jò. Màmá Tàbítà ń ka ìwé mi, ó dúró lórí ìlà kan. "Iyọ̀ wọn ńkọ́?"

Mo ní, "Díẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé o rí i?"

Mo ní rárá. Ó pa ìwé dé, ó kí mi bí àwa ará Okun ti ń kí ara wa, ó ní, "Okun o. Máa padà lọ wò ó." Kí ló kù? Mo lẹ kẹ̀kẹ́, mo padà sí Aiyetoro-Gbede nítorí iyọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá onílé fi ìkòkò iyọ̀ hàn mí, ó gbẹ kanrankanran. Ó ní láti ọjà tó kọjá ni iyọ̀ ti tán nílé àwọn. Mo bú Màmá Tàbítà lọ́kàn mi ní gbogbo ọ̀nà ní àlọ. Ní àbọ̀, n kò bú u mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má wá ọ̀gá tí yóò máa pọ́n yín lé. Ọ̀gá tí ó bá lé yín padà nítorí iyọ̀ ni kí ẹ dì mú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyàrá, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó ju gbogbo àṣìṣe mi lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti di oníṣẹ́.

Ilé kan wà ní Ìyàrá tí ọkọ ti kú, tí ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyá Dáníẹ́lì ni àgbà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìyá Sàfú ni kékeré, mùsùlùmí ni. Ọkọ wọn kò fi ti ẹ̀sìn dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ méje ló wà nílé náà, mẹ́rin ti Ìyá Dáníẹ́lì, mẹ́ta ti Ìyá Sàfú, gbogbo wọn ń jẹ nínú ìkòkò kan. Àbíkẹ́yìn, Rúkáyà, ọmọ Ìyá Sàfú, kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Ọmú ìyá rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, mílíìkì ọ́fíìsì wa ló sì ń mu.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún a máa ń tún ilé kọ̀ọ̀kan wọ̀n, kí ìgbìmọ̀ lè mọ̀ bóyá kí ìrànlọ́wọ́ máa bá a lọ. A sì máa ń ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí pé ọmọlúàbí kì í já wọ ilé onílé. Mo ránṣẹ́ sí Ìyàrá. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti fi omi wọ́n ẹnu ọ̀nà.

"Okun o, ọmọ mi, okun ìrìn," ni Ìyá Dáníẹ́lì wí, ó tẹ́ ẹní tuntun fún mi.

Ẹ wo iṣu! Mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi. Ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, epo tó pọ́n dáadáa, ègúsí tó kún mùdù. Mo wọn gbogbo rẹ̀. Mo dúró kí wọ́n bó iṣu, mo wọn èèpo. Mo wo ìkòkò iyọ̀ pàápàá, ẹ̀rù Màmá Tàbítà ṣì ń bà mí. Inú mi dùn sí ìwé náà, kò sí ìlà kan tí n kò fi ojú mi rí. Ìgbìmọ̀ kà á, wọ́n ní ilé yìí ti bọ́, wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò, wọ́n fi mílíìkì náà fún ẹlòmíràn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí iṣu tuntun kò tí ì dé, mo lọ sí ọsibítù láti kó ìwé kan. Mo rí Ìyá Sàfú lórí bẹ́ǹṣì, Rúkáyà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun orí ọmọ náà ti pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sunkún, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ebi ni. 

Ìyá Sàfú wò mí. "Ìwọ lo kọ ọ́ pé a ń jẹ àjẹyó."

Mo ní, "Ìyá, ohun tí mo rí ni mo kọ."

"Tọ̀. Ohun tí a fi hàn ọ́ ni o rí."

Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún mi. Ilé mẹ́ta ládùúgbò ló yá wọn níṣu. Ẹran náà ti ọdẹ kan ni, ègúsí náà ti ìyàwó pásítọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo agbègbè wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún ọ́fíìsì: bí àlejò bá fẹ́ wá wo oúnjẹ ilé kan, aládùúgbò kì í jẹ́ kí ojú ilé náà tì. Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo fẹ́ bínú sí i, mo ní ẹ̀yin lẹ fi ara yín sínú ebi.

Ó ní, "Ìwọ kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa ń ṣọ́ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀ ló ti ń sọ pé obìnrin méjì kò lè mú ilé dúró. Bí ó bá gbọ́ pé ebi ń pa àwọn ọmọ, yóò pín wọn. Tèmi á lọ sílé ìyá mi ní Ògìdì, ti ìyá mi àgbà á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì sùn lọ́tọ̀ rí."

Ó pe orogún rẹ̀ ní ìyá mi àgbà. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Mo lọ bá Màmá Tàbítà, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń retí kí ó ní kí n gbẹ́rù mi. Ó jókòó. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán yín lọ wo ohun tí wọ́n fi hàn yín. Èmi ni mo kọ́ ẹ." Ó dìde. "Lọ́la a ó lọ sí Ìyàrá. A ò ní ránṣẹ́."

Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá Dáníẹ́lì wà lóko. Màmá Tàbítà kò wo inú ilé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi àkìtàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo iṣu kan, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ebi ń pa kì í bó iṣu bí ẹni tó yó; ńṣe ló ń fá a, kí ó má baà sọ ohun jíjẹ nù. Mo ṣí ìwé mi. Ní ọjọ́ àlejò, èèpo iṣu mẹ́ta yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi jẹ ẹ́ yó. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti kọ ọ́, n kò bi í léèrè nǹkan kan. Mo kó èyí tó fẹ́lẹ́ náà, tó ti iṣu mẹ́ta, sínú áńkáṣíìfù mi.

Bí a ti ń padà bọ̀ síwájú ilé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn dé. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Àgbà ni, àbúrò rẹ̀ ti kú, ó sì gbọ́ pé ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lọ́sibítù. Ìyá Dáníẹ́lì ti oko dé bá a, igi ìdáná ṣì wà lórí rẹ̀, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá náà ní, "Mo ti ní sùúrù tó. Wọ́n ní ebi ló kọ lu ọmọ náà. Bó di Sátidé, màá pín wọn." Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wọn oúnjẹ wọn, kí lẹ rí? Ẹ kà á sí mi létí."

Mo wo Màmá Tàbítà. Ó ń wo òkè. Mo wo Ìyá Dáníẹ́lì lábẹ́ igi, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yé mi pé ìwé tó fi ebi pa Rúkáyà náà nìkan ló lè gbà wọ́n lọ́wọ́ pínpín. Mo ṣí i, mo sì kà á lóhùn rara: iṣu mẹ́ta, ẹran ìgbẹ́, epo, ègúsí mùdù kan, iyọ̀. Mo ní, "Ohun tí mo rí nìyẹn, Bàbá."

Ó ní, "Kí ló wá ń ṣe ọmọ?"

Màmá Tàbítà dá a lóhùn. "Ọmọ tí ọmú gbẹ mọ́ lẹ́nu ni, Bàbá. Mílíìkì ló ń fẹ́. Kò fẹ́ ilé mìíràn."

"Tọ̀. Ẹ fún un ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣàìsàn kí iṣu tuntun tó dé, ohun tí mo sọ ti wà ńbẹ̀: màá pín wọn." Ó lọ. Ìgbà náà ni Ìyá Dáníẹ́lì sọ igi kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ di méjì. A ti ṣèlérí mílíìkì tí a kò ní. Ìgbìmọ̀ ló ni ín, ìwé mi sì ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ilé náà yó. Ní Kàbà, mo dúró níwájú wọn, ọkùnrin mẹ́fà lórí àga, òyìnbó alága láàárín. Mo ní kí wọ́n dá orúkọ ilé náà padà.

Alága ní, "Ìwé rẹ ni èyí. Ṣé irọ́ lo kọ?"

"Rárá, sà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àlejò ni." Mo tú áńkáṣíìfù sílẹ̀ lórí tábìlì. Akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìdọ̀tí ni a wá ń kó wọ ìgbìmọ̀. Mo fi iye èèpo ọjọ́ àlejò hàn wọ́n nínú ìwé, mo wá fi èyí tó wà lórí tábìlì sórí síkéèlì. Ọwọ́ síkéèlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. 

Alága gba èèpo kan, ó yí i po. Ó ní, "Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tí ẹ ti wọ̀n láti ọdún wọ̀nyí ńkọ́?"

Mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí. Bí mo bá dáhùn, mo ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́, tèmi, ti Màmá Tàbítà, ti ọ́fíìsì. Bí mo bá dákẹ́, Rúkáyà yóò kú tàbí kí ilé náà tú. Mo ní, "Sà, a níláti tún un wọ̀n. Gbogbo rẹ̀."

 Nígbà náà ni Màmá Tàbítà dìde lẹ́yìn mi, obìnrin tó lé mi padà nítorí iyọ̀. Ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò yìí. Àṣìṣe mi ni. Èmi àti ọmọ yìí yóò tún un wọ̀n." Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mílíìkì dé Ìyàrá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. A kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ilé tó ń gbà á nítorí ebi: gbogbo ọmọ tó bá tó ọjọ́ orí Rúkáyà ni a ń pè wá wọ̀n, gbogbo wọn ni a ń fún. Rúkáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú ọmọ mọ̀ pé ọmọ tó bá lè sunkún ti ń bọ̀ wálé. Iṣu tuntun dé, wọn kò pín wọn.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni a fi tún gbogbo ilé wọ̀n, láti Ìjùmú dé Yàgbà. A bẹ àwọn baálẹ̀ kí wọ́n gbà wá láyè láti máa yà láìránṣẹ́, àkìtàn la sì kọ́kọ́ ń kí. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ẹni tó ń ti oko bọ̀ lójoojúmọ́ tí èèpo iṣu rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́. Ìwé tiwa ló jẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Síkéèlì oníkọ̀ọ́ lọ, èyí tí a ń gbé kalẹ̀ dé. Kẹ̀kẹ́ lọ, alùpùpù dé. Ó gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́nà Pọ́nyàn, ìbàdí mi kò tí ì dárí jì í títí di òní. Màmá Tàbítà fẹ̀yìn tì, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì lé àwọn ọmọ tèmi náà padà nítorí iyọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ mi ń lọ sópin ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi í hàn mí ní ó ní àyè fún gbogbo nǹkan. Mo ní àyè èèpo dà? Kò sí. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i títí wọn ó fi ṣe é. Wọ́n ṣe é.

Ìyá Sàfú kú ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì. Mo lọ sí Ìyàrá. Dáníẹ́lì, tó ti di kátíkíísì, wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní ìlànà mùsùlùmí, ó wọ ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó erùpẹ̀. Rúkáyà ló bu omi fún mi mu, ó sanra jù mí lọ. Àlùfáà tó fẹ́ ṣe àdúrà mú ìwé jáde, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Dáníẹ́lì, tó ti di arúgbó, pé ọmọ mélòó ni olóògbé fi sáyé.

Ìyá Dáníẹ́lì ní, "Méje."

Àlùfáà kọ méje. Mo wà nítòsí, mo sì mọ̀ pé mẹ́ta ló bí. Gbogbo ayé mi ni mo fi tún ìwé ṣe. N kò tún ìyẹn ṣe.